Àkọlé Ara Ìgò Sódà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní lábù ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó. Èmi kọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Tèmi ni kí n fọ ìgò, kí n po kẹ́míkà tí tíṣà bá fẹ́ lò, kí n sì lẹ àkọlé mọ́ ọn lára. Ìwé girama ni mo kà mọ. Àmọ́ bí mo bá ti kọ ọ́ sára ìgò pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lágbára tó báyìí, kò sí ẹni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin méjì ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lábù náà. Èkíní ni pé ìgò tí kò bá ní àkọlé, kí wọ́n dà á nù. Èkejì ni pé ìgò tó bá ti ní àkọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

Tíṣà kẹ́mísìrì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Dókítà Afọgò ni ó máa ń pè mí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá gbé àwo ìgò wọlé, á ní, "Ẹ dìde, ẹ kí Dókítà Afọgò." Wọn á dìde, wọn á kí mi, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ní dókítà kan nílé tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ibà rẹ̀ sí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ oṣù méjì: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, oògùn tó lò àti iye ṣíbí tó mu. Mo ń sìn ín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ títí ó fi dé ìwé kẹta ní girama. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè mí ní Ṣọ́jà. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n máa rìn lẹ́yìn òun, kí n jìnnà díẹ̀, kó má dà bíi pé mo ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Mo jìnnà sí i ní ogún ìgbésẹ̀. Mo kà á.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nítorí rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń se ọṣẹ tà ní Olúpọ̀nnà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọjọ́ tó da omi lé sódà lórí dípò kó da sódà sínú omi. Ó hó sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tú sí i lójú. Ojú rẹ̀ òsì funfun bí ẹyin tí wọ́n sè. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Olójú-kan títí tó fi kú, àwọn ìyá wọn kì í sì í bá wọn wí.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ mi sì wálé. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́, èkejì ló ń ṣe lọ́wọ́. Ó gbé páálí kékeré kan dání bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn nǹkan funfun pẹlẹbẹ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, ó sì fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ló fún un. Ọmọ mi ní bí òun kò bá rí ọ̀nà ṣe iṣẹ́ ìwádìí òun nílé, oṣù tó ń bọ̀ á kọjá lórí òun lásán. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa yọ̀ǹda pé kó máa lo lábù ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ.

Mo bi í pé kí ni àwọn nǹkan funfun náà.

"Bàbá, ẹ mọ mọ́ínmọ́ín alágolo?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Agolo ló ń sọ bí mọ́ínmọ́ín ṣe máa rí. Nǹkan funfun yìí, asẹ́ ni. Ó kún fún ihò tí ojú kò lè rí, ó gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ihò yẹn ni agolo tèmi. Nǹkan tí mo bá sè sínú rẹ̀ á di òwú tín-ín-rín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú, gbogbo wọn á dúró ṣánṣán."

Ó ní òwú náà kì í ṣe irin tí iná mànàmáná ń gbà kọjá wọ̀ọ̀, kì í sì í ṣe igi tí iná kì í gbà kọjá rárá. Àárín àwọn méjèèjì ló wà, irú èyí tó wà nínú rédíò tó ń jẹ́ kí rédíò lè sọ̀rọ̀. Kò sí iná ńlá tí wọ́n fi ń ṣe é, omi méjì ni. Ó gé ọrùn ìgò méjì, ó fi asẹ́ sí àárín wọn, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í pa. Ó da omi kádímíọ̀mù, irú irin kan, sí apá kan, ó da omi kejì sí apá kejì, èyí tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Inú ihò ni omi méjèèjì ti ń pàdé. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé á di nǹkan líle, asẹ́ funfun náà á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èso ìyeyè.

Òórùn náà ń bá a wálé nínú aṣọ. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, kò jẹ́ kó wọ yàrá tí aṣọ títà wà.

"Ṣé òórùn yìí lo máa gbé wọ ilé ọkọ?"

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa gbàdúrà kí ọkọ náà ní katá, màmá."

"Ọkọ tó ní katá náà ní ìyá. Ìyá rẹ̀ kò ní katá."

Tíṣà kẹ́mísìrì máa ń yọjú sí wa ní ojú fèrèsé kó tó máa lọ. Ó wo ọmọ mi bó ṣe ń fọ ìgò rẹ̀, ó ní, "Ah, ogún bàbá lo wá jẹ?" Ọmọ mi wò mí. Ó gbé ojú kúrò, mo sì mọ̀ pé ojú tì í nítorí mi.

Mẹ́fà nínú asẹ́ mẹ́jọ náà ló bàjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn. Òmíràn fọ́, òmíràn kò pọ́n dáadáa. Méjì tó kù ni ó jáde bó ṣe fẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun ní ọjọ́ Ajé. Ó fẹ́ gbé àwọn méjèèjì dání lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ẹ̀rọ tó lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó sì lè yà á ní fọ́tò. Bí orí òwú bá yọ nínú fọ́tò, àyè wà fún ọmọ mi níbẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Bí kò bá yọ, ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò gba àyè náà. Kò sí asẹ́ mìíràn. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù. Mọ́ínmọ́ín, a máa ń bó agolo kúrò lára rẹ̀ ni. Agolo tirẹ̀ kò ṣeé bó, àfi kí kẹ́míkà jẹ ẹ́ kúrò. Ó ní òun kò fẹ́ kó jẹ tán, nítorí pé òwú á wó lulẹ̀. Orí rẹ̀ díẹ̀ ni kó jẹ, kí òwú lè yọ sókè bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bó bá pẹ́ jù, ó bàjẹ́. Bí kò bá tó, kò ní sí ohun tí yóò yọ. Ojú lásán kò sì lè mọ̀yàtọ̀. Àkọlé ara ìgò àti aago ara ògiri nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

"Kí ni kẹ́míkà tó máa jẹ ẹ́?"

"Kọ́sítíìkì sódà ni, Bàbá. 1 M."

Sódà tó fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú náà ni. Mo ní èmi ni màá pò ó, kó má fọwọ́ kan an. Mo rò pé á jà, nítorí pé kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun rẹ̀. Kò jà. Ó ní, "Ẹ bá mi pò ó. Ọwọ́ yín ni mo mọ̀ pé kì í ṣì."

Ogójì gíráàmù sínú lítà omi kan ni 1 M. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé géérégé. Mo mú omi, mo fẹ́ da sódà sí i. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. N kò sọ pé iwin ni mo rí o, ojú rẹ̀ ni mo rántí, bó ṣe funfun, bí eṣinṣin ṣe ń bà lé e tí kì í mọ̀. Mo da ọgbọ̀n gíráàmù padà sínú agolo sódà. Mẹ́wàá ni mo fi sínú omi. Mo rò ó pé omi ọṣẹ tí a bu omi là náà a ṣáà máa fọ aṣọ, pé á jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn pẹ̀lú ìwé girama tí mo kà. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ pé Kọ́sítíìkì Sódà, 1 M, mo kọ déètì sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ àkọlé, irọ́ kan ṣoṣo tí mo kọ nìyẹn.

Ọmọ mi fi ẹ̀mú kékeré mú asẹ́ kìíní, ó rì í bọ inú sódà, ó ń wo aago. Ẹ̀kán omi kan ta sí i ní ọrùn ọwọ́. Mo fò dìde pẹ̀lú ike omi.

"Kò ta mí, Bàbá. Ó kàn ń yọ̀ ni." Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ó yẹ kó ta mí."

"Awọ rẹ le," mo ní. "Tèmi ni o jọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi pé mo gbọ́n. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ó yọ ọ́, ó fi omi dísítílì tí mo ṣe fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣe èkejì bákan náà. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá rẹ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni a fi retí lẹ́tà. Nígbà tó dé, ó kà á ní ìdúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì fún mi kí n kà á. Wọ́n ní orí pẹrẹsẹ ni ẹ̀rọ rí, ògiri funfun tó ní ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú nínú ihò. Kò sí òwú kankan. Ọ̀gá rẹ̀ fi kún un pé ẹni tí kò bá lè tẹ̀lé ìwọ̀n àti aago nínú ohun tó rọrùn báyìí, kò yẹ kí òun fi orúkọ ara òun dúró fún un. Wọ́n ti fún ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àyè náà.

Èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó ka lẹ́tà náà dé ìdajì. Òwú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wà nínú agolo tí mi ò jẹ́ kí ó ṣí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ṣe sùúrù."

Ohun tó tẹ̀lé e ló burú jù. Ó gbà pé ọwọ́ òun ni kò dára. Ó gbé sílíńdà ìwọ̀n kan wálé, ó ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wọn omi sínú rẹ̀, á dà á nù, á tún wọ̀n ọ́n. Ìgbà ogún, ìgbà ọgbọ̀n. Ó ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ wé aago rédíò lójoojúmọ́. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kan mo jáde lọ bá a. Mo rí i pé ó ń wo ìlà náà láti òkè, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá omi dọ́gba. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti ṣì í." Mo padà wọlé.

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí kò jọ ti bàbá rẹ̀ rárá." Mo ń jẹun lọ́wọ́. Mo jẹ oúnjẹ mi tán.

Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, ilé-ẹ̀kọ́ wa ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ ìwé kẹfà, tíṣà kẹ́mísìrì sì rin ìrìn àjò. Ọ̀gá àgbà ní kí ọmọ mi bá wọn dí àyè rẹ̀. Ó gbà, nítorí pé ìyá rẹ̀ ní ilé kì í ṣe ibi ìfarapamọ́. Ọjọ́ kan ó fẹ́ kí wọ́n ṣe títíréṣọ̀n, pé kí wọ́n máa kán ásíìdì sínú sódà títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, kí wọ́n sì kọ iye ásíìdì tó lọ sílẹ̀. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ gba gáàsì. Ó nawọ́ sí orí pẹpẹ, ó mú ìgò tó ní àkọlé 1 M. Ìgò ọjọ́ náà ni. Mo ti pa òfin mi mọ́, mi ò dà á nù.

Ásíìdì náà 1 M ni. Bí sódà bá jẹ́ 1 M ní tòótọ́, ìwọ̀n ásíìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò pa agbára ìwọ̀n sódà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo padà dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Mẹ́fà? Ẹ̀yin méjìlá, gbogbo yín, mẹ́fà àti díẹ̀? Ta ni ẹ jí i wò lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Àǹtí, a ò jí ti ẹnikẹ́ni wò," ọmọbìnrin kan wí. "Ohun tí a rí nìyẹn."

"Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n kò yẹ kó wọ lábù. Ẹ kúnlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ sí wọn. Àwọn méjèèjìlá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n na ọwọ́ sókè. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà kí wọ́n dìde. Mi ò sọ ọ́. Ó mú búrẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kán ásíìdì, ó ṣe é fúnra rẹ̀ kó lè fi hàn wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ìlà dọ́gba, bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwọ̀ náà yí padà. Ó wo ìlà. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò sódà sókè, ó ka àkọlé, ó ka déètì. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa lọ sílé.

Nígbà tó ku àwa méjì, kò pariwo.

"Ta ló po sódà yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Ó jẹ́ gíráàmù mélòó?"

"Mẹ́wàá."

"Ẹ ṣì í wọ̀n ni?"

Ó ń fún mi ní ọ̀nà àbáyọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń bẹ̀ mí kí n gbà á. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo tí mo ní láyé ni pé ọwọ́ mi kì í ṣì.

"Mi ò ṣì í. Ogójì ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Mo dá ọgbọ̀n padà. Mi ò fẹ́ kó jó ọ."

Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ká ní ẹ ṣì í ni, ǹ bá ti dárí jì yín báyìí."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí ọ̀gá òun, kí n kọ gíráàmù àti déètì sí i. Mo kọ ọ́. Ó kà á, ó ní kí n pa gbogbo ibi tí mo ti kọ nípa ẹ̀gbọ́n mi rẹ́, pé ẹkún ni ìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n. Mo pa á rẹ́. A fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn dé ní oṣù kejì lẹ́yìn náà. Ó kà á sókè fún èmi àti ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́n ti da asẹ́ méjèèjì nù nígbà tí wọ́n ń nu tábìlì. Ó ní òun ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, òun sì ti rí èyí tó ń dì í ru iná tó lọ, àmọ́ òun kò tíì rí èyí tó rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́ irọ́ rí. Ó ní inú òun dùn pé ó ní bàbá tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ṣáà gbà pé o ní bàbá." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Kò padà sí yunifásítì nígbà tí wọ́n ṣí i. Ó gba iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò. Ó lọ́kọ níbẹ̀, ó sì bímọ kí ẹ̀wádún náà tó parí. Kò bá mi jà rí. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń fún mi ní ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, mo lọ kí wọn, ọmọ náà sì ní ibà. Ọmọ mi wà ní ilé ìdáná, ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo mú oògùn olómi náà, mo ka àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dà á sínú ike ìwọ̀n rẹ̀ kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú mi bá ìlà dọ́gba. Ó pé. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ mi wọlé. Ó gba ike náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Bàbá." Ó dà á padà sínú ìgò. Ó tún un dà sínú ike, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ìlà. Ìlà kan náà ni. Mo rí i, òun náà rí i. Ó fún ọmọ rẹ̀ mu, ó nu ike náà gbẹ, ó sì gbé ìgò oògùn náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ mi kò tó.